Ikán Abẹ́ Páálí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ìtàn yìí tì ní ìdajì. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

1.
Bàtà ni Kúlísúmù ń tà ní ọjà Adjamé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Gafarou, kú, oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Bingerville ló fi sílẹ̀ fún un. Owó ẹ̀gẹ́ náà ni Kúlísúmù fẹ́ fi rán àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé. Mubeenah, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń dá oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kúlísúmù wà nínú opó, kò lè jáde. Ó ní kí wọ́n kó páálí bàtà láti ṣọ́ọ̀bù lọ tẹ́ sórí ebè, kí koríko má baà gba oko.

2.
Nígbà tó jáde opó, ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti pọ́n. Ti Mubeenah tutù yọ̀yọ̀. Ó kọjú sí Mubeenah.

"Ọkọ mi, kí lẹ fi sí oko mi?"

Mubeenah rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ikán ni, ìyàwó. Kó páálí yẹn kúrò. Jẹ́ ká hú ìdí kan wò."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ikán ò mọ ọ̀nà oko yín ni?"

"Èmi ò tẹ́ tábìlì dè é."

Ẹ̀rín yẹn ni Kúlísúmù gbé lọ sílé. Kò hú ìdí kankan wò. Pákó gbígbẹ ló kó wá, ó fi ṣe ọgbà kí Mubeenah má baà wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: oúnjẹ ló ń gbé fún ikán.

3.
Lójú gbogbo ẹbí, Kúlísúmù ní Mubeenah ló da oró sídìí ẹ̀gẹ́ òun kó lè gba oko ọmọ aláìníbaba.

Omi bọ́ lójú Mubeenah. "Ẹ̀gbọ́n mi ló kú o!"

Kò tún dé oko Kúlísúmù mọ́.

4.
Lọ́jọ́ ìkórè, obìnrin alátíẹ́kẹ́, tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe oúnjẹ tà, dé láti wá ra ẹ̀gẹ́. Kúlísúmù fa igi kan tu. Ó fúyẹ́ bíi kùkù àgbàdo. Yẹ̀pẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ikán funfun sì ń dà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oko rí.

"Pardon, tantie," ni oníbàárà wí, pé kó má bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún náà, àwọn ọmọ kò lọ sí ilé ìwé. Kúlísúmù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mubeenah ní Attécoubé.

"Ọkọ mi, ikán ni."

"Mo ti dárí jì ọ́, ìyàwó. Ṣùgbọ́n oko tí wọ́n torí rẹ̀ pè mí níkà, n ò padà síbẹ̀ mọ́."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará, bí ewé bá ń rọ lóko yín, ẹ hú ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi páálí tàbí igi gbígbẹ sílẹ̀ lóko. Ẹ gbin igi ẹ̀gẹ́ tó yè lásìkò òjò, ẹ tètè fa èyí tí ikán ti wọ̀ tu, ẹ sì hú òkìtì ikán tó wà nítòsí dé ọ̀dọ̀ ìyá ikán, kí ẹ pa á. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.