Bọ́tìnnì Kan Péré

"Ọ̀gá Zillur, bọ́tìnnì kan péré ni." Ẹnjiníà tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà PHP kọ ìkànnì yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ọ̀gá. Ọdún mẹ́jọ ni òun nìkan fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ tuntun sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ wọn ní Dhaka, àfi kí gbogbo ọ́fíìsì máa bẹ̀ ẹ́. "Irinṣẹ́ tí mo kọ yìí á yẹ iṣẹ́ wò, á sì gbé e síta fúnra rẹ̀. Kuddus ẹlẹ́tíì tí kò mọ̀ ju omi gbígbóná lọ gan-an lè ṣe é."

"Kuddus, gbé tíì sílẹ̀, wá tẹ̀ ẹ́."

Kuddus nuwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tuntun yọ lórí ìkànnì.

"O káre láé," ni ọ̀gá wí fún ẹnjiníà. "Mú káàdì ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ fún mi kó o tó máa lọ."

Kuddus rọra gbé ife tíì iwájú ẹnjiníà padà sórí àwo.