Orúkọ Àkọ́bí

Àpótí oògùn tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta pé, "Ìyá ọmọ, dárúkọ ọmọ rẹ."

Adama fi ìborùn bo ojú. Gìrì ti mú ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, itọ́ sì ń hó lẹ́nu ọmọ náà.

Láàárín àwọn Fúlàní ìletò yìí, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ títí ayé. Àwọn tó ṣe òfin ní Àbújá pé àpótí kò gbọdọ̀ ṣí àfi bí òbí bá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọmọ kò bi ẹnikẹ́ni níbí léèrè.

Dókítà Wòrú, ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ dókítà ìdílé, ń wò wá láti Kaiama nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ara ògiri.

Mo ní, "Ẹ bá mi ṣí àpótí, sà."

"N kò láṣẹ ẹ̀, Fadérera. Ìyá tàbí baba nìkan ni. Dókítà tó bá parọ́ fún àpótí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Ó ku oṣù méjì kí n parí ẹ̀kọ́ mi. Baba ọmọ, tí mo ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ rí, wà nínú igbó pẹ̀lú màlúù. Ètè ọmọ ti ń dúdú.

Mo kọjú sí àpótí. "Hámídù ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Àpótí ṣí.

Dókítà Wòrú mí kanlẹ̀. "Irọ́ yẹn ti wọ ìwé o, Fadérera."

Mo fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ rọ̀, gìrì náà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò lajú.

Adama di ọwọ́ mi mú. Ó rọra sọ pé, "Dókítà, ẹ tún bá mi pè é."