Ìgbín Òkun Tí Amaro Sè fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtimáa gbatẹ́gùn létí òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹni tó bá sì wá sí yín lọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lónìí.

1.
Ní abúlé Arnela, ní Galicia, òkun ya wọ àárín òkè méjì, ó sì dákẹ́ síbẹ̀ bí omi inú àwo. Àwọn ará àdúgbò nìkan ló mọ ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sórí iyanrìn rẹ̀. Tómi bá ti fà, àpáta á yọ síta, ẹ ó sì rí ìgbín òkun lára wọn jìngbìnnì, àwọn oníkarahun méjì tó dúdú bí èédú.

Ibẹ̀ ni Amaro dàgbà sí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Delfina, ló tọ́ ọ, kó tó di pé ó lọ ń ránṣọ ní Jámánì. Lọ́dún tí à ń wí yìí, Delfina fẹ̀yìn tì, ó padà wálé. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé:

"Amaro, látìgbà tí mo ti kúrò nílé, ọ̀fun mi ò gbàgbé ìgbín òkun wa. Ṣé wàá sè é fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa bèèrè tí mo máa ní rárá?"

2.
Hermitas, ìyàwó Amaro, fà á sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

"Bàbá Iria, wọ́n ti ní ká má kó ìgbín òkun o. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì láàárọ̀. Májèlé ti wọ inú omi."

"Májèlé wo? Omi tó mọ́ lóló báyẹn!"

"Ẹ jẹ́ ká se adìyẹ fún wọn."

"Adìyẹ? Ṣé kò sí adìyẹ ní Jámánì ni?"

Ó gbé garawa. Níbi tí ọ̀nà ti sọ̀kalẹ̀, pátákó pupa kan wà níbẹ̀: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ KÓ ÌGBÍN ÒKUN. Odilo, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé nítòsí, ń yá oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Amaro, kí lo fẹ́ fi garawa ṣe? Àbí o ò rí pátákó?"

"Bàbá, kí n tó hu eyín ni mo ti ń jẹ nínú omi yìí. Àwọn tó kọ ọ́, ìgbà wo ni wọ́n débí rí?"

"Òkun àná kọ́ ni tòní o, ọmọ mi."

Amaro rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Májèlé tí wọ́n ń wí yìí kò láwọ̀, kò lóòórùn, inú ìgbín òkun ló sì ń kó sí. Ẹ sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, iná ò lè pa á.

3.
Amaro kó o kún garawa, Hermitas àti Delfina sì wá bá a níbẹ̀. Orí iyanrìn náà ni wọ́n ti sè é, lórí sítóòfù kékeré, pẹ̀lú wáìnì díẹ̀ àti àlùbọ́sà. Hermitas ò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó lọ́tọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì tirẹ̀. Amaro alára jẹ díẹ̀, nítorí gbogbo èyí tó bá sanra, iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń tì í sí.

"Ẹ jẹ èyí. Ẹ tún jẹ èyí."

Delfina jẹ ẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bí ìyá wa ṣe ń sè é gan-an nìyí."

Ó dìde, ó lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi. Kò pẹ́ tó fi fọwọ́ kan ẹnu.

"Amaro, ètè mi ń ṣe mí wìnnìwìnnì, ó ń kú. Ọwọ́ mi náà."

"Wáìnì ni!" Amaro bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti darúgbó, ẹ ò lè mu ún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́!"

Delfina náà rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ jáde kúrò nínú omi, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ó kúnlẹ̀ gbì. Amaro ṣì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú rẹ̀.

4.
Ó gbé e pọ̀n, ó ń sáré gun òkè. Hermitas ti ṣáájú, ó ń ké sí Odilo pé kó pe ọkọ̀ aláìsàn. Delfina ń sọ̀rọ̀ sí Amaro létí, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, kò ye é.

Ọkọ̀ dé. Dókítà obìnrin tó wà nínú rẹ̀ bèèrè ohun tó jẹ. Amaro sọ ọ́. Obìnrin náà mirí.

"Ẹ fún un lábẹ́rẹ́! Ẹ fún un lóògùn!"

"Bàbá, eléyìí ò ní oògùn. A kàn máa bá a mí ni, bóyá ara rẹ̀ á lè ṣẹ́gun rẹ̀."

"Ṣé ó ń gbọ́ mi?"

"Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò kàn lè mira ni."

Amaro di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ò di tirẹ̀. Ojú Delfina là sílẹ̀, ó ń wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ dákun." Ojú náà ṣáà ń wò ó. Bóyá ó dárí jì í, bóyá kò dárí jì í, ta ni yóò sọ fún un? Ọkàn Delfina dáwọ́ dúró kí wọ́n tó dé ọsibítù.

5.
Wìnnìwìnnì díẹ̀ ló mú ètè Amaro. Ìyẹn sì lọ fúnra rẹ̀.

Brais, ọmọ Delfina, wá láti Jámánì. Kò pariwo, kò búni. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: "Bọ̀dá Amaro, kí ni ìyá mi sọ kẹ́yìn?"

Amaro rántí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó já gaara kẹ́yìn lẹ́nu ìyá ọmọ náà, ẹ̀rín lòun fi rín.

Títí di òní, kò sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹ ohun kan nínú omi, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí omi náà mọ́ tó, bó ti wù kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, tí ètè rẹ̀ ń kú, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ má dúró wò ó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ìfẹ́ ni Amaro fi sè é, ìfẹ́ ò sì sọ ọ́ di oúnjẹ. Àwọn àgbà ò purọ́: òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ.