Alága Tó Fi Fèrè Ìkìlọ̀ Dúró De Àlejò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìtàn yìí dúró ní ìdajì. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń kí ní "Alága" tàárọ̀ talẹ́.

1

Ní Vernouze, ìlú kékeré wa nílẹ̀ Faransé, Anselme Bourdarel ti ṣe alága fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìbò dé, ìbò lọ, òun náà ni. Òun ló ń so tọkọtaya pọ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, pẹ̀lú ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti alága láyà. A fẹ́ràn rẹ̀, ká má purọ́. Àṣejù ló wọ̀ ọ́.

Pápá kan wà létí odò tí àwọn baba wa kì í kọ́lé sí. Màlúù nìkan ló ń jẹ̀ níbẹ̀. Àna Anselme ló ni ín, Anselme sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé e tà fún ilé kíkọ́.

Odile, igbákejì rẹ̀, figbe ta. "Anselme, odò á padà wá gba ilé rẹ̀ o!"

"Ìwọ àti ẹ̀rù! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa ni? Ilé tuntun ló ń mú ọmọ wá."

Kí àwọn èèyàn lè yé sọ̀rọ̀, ó ní kí Mathilde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ra ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mathilde ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ó gbà á gbọ́, ó kó lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

2

Lọ́dọ̀ wa, ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù, bí agogo bá ti lu méjìlá ọ̀sán, wọ́n á fọn fèrè ìkìlọ̀ tí gbogbo ìlú ń gbọ́ láti dán an wò. Kò sẹ́ni tó ń gbórí sókè.

Irú Ọjọ́rú bẹ́ẹ̀ ni. Òjò ti rọ̀ títí. Láàárọ̀, àwọn ará òkè odò tẹ̀ wá láago pé odò ti ya bèbè, ó ń bọ̀.

"Fọn fèrè, Anselme! Fọn ọ́n kíá!" Odile ló pariwo.

"Ọ̀gá ìjọba tó ń ṣàkóso agbègbè wa ti wà lọ́nà. Ó ń bọ̀ wá fi àmì ẹ̀yẹ sí mi láyà nínú pápá yẹn gan-an. Ṣé kó wá bá wa níbi tá a ti ń sá kiri? Jẹ́ kó wá, kó lọ ná."

"Omi kì í dúró de àlejò!"

"Ó tó! Ta ni alága, èmi tàbí ìwọ?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Odile sáré lọ sí pápá, ó ń kanlẹ̀kùn kiri. Àwọn kan kó ọmọ wọn jáde. Àwọn yòókù ní, bó bá jẹ́ òótọ́, fèrè á ti dún.

Kò pẹ́, ọ̀gá ìjọba tẹ Anselme láago pé òun ti yí padà, omi ti gé afárá. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀. Ó sáré lọ fọn fèrè. Bó ṣe fọn ọ́n ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu méjìlá.

3

"Àǹtí Mathilde, ẹ dìde, omi ti dé!"

"Odile, fara balẹ̀. Bí omi bá ń bọ̀, àbúrò mi ò ní ṣàì fọn fèrè."

Fèrè dún. Mathilde wo aago ara ògiri, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Wọ́n ń dán an wò ni. Jókòó, wá mu ọbẹ̀ díẹ̀."

Omi já ilẹ̀kùn wọlé. Odile fà á títí dé ibi àkàsọ̀ àjà, àmọ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà ò gbé e. Ọwọ́ wọn já lára wọn, omi sì gbé Mathilde lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Kì í ṣe òun nìkan ló kú. Inú ilé tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán la ti kó òkú èèyàn.

4

Níbi ìsìnkú, Anselme gbé ọ̀já rẹ̀ kọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Ó yíjú sí Odile.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ kẹ́yìn nípa mi?"

"Ó ní o ò ní ṣàì fọn fèrè."

Ó bọ́ ọ̀já náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ dupò mọ́ láéláé. Ó ti jáde báyìí. Bó bá wọ ilé búrẹ́dì, gbogbo ẹnu á dákẹ́ títí yóò fi lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ, bí wọ́n bá ní ewu ń bọ̀, ẹ kìlọ̀ fáráyé lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wo ojú àlejò, ẹ má wo ti oyè. Ẹni tó gbọ́kàn lé yín lẹ máa pa. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.