Mo-Ti-Mọ̀ àti Ìgò Àkọ́kọ́

Ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ti la ẹnu báyìí, "mo ti mọ̀" ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúkú sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ omi inú ìgò àti ẹlẹ́rìndòdò wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rọ méjèèjì. Bí wọ́n bá rọ ẹlẹ́rìndòdò ọsàn tán, wọn á fi ọṣẹ fọ páìpù, wọn á ṣàn án títí kó tó kan omi. Ìgò omi àkọ́kọ́ tó bá jáde, bàbá ni yóò mu ún tán lójú gbogbo wọn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọkọ̀ kankan kò ní jáde.

Nígbà tí ikú dé bá bàbá, ó ní, "Ọmọ mi, má fi ìgò àkọ́kọ́ sílẹ̀ o."

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

Kí ló mọ̀? Bí wọ́n ti sin bàbá tán ló ní àṣà àtijọ́ ń fi àkókò ṣòfò. Ó fòpin sí ìgò àkọ́kọ́, ó sì dín àkókò tí wọ́n fi ń ṣan páìpù kù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ omi yìí wò." Ó ní òun ti mọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Lóòótọ́, ọjà kọ́kọ́ yá. Ó ra ọkọ̀ tuntun, ó ń ṣe fàájì. Àfi bí ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. "Ẹ máa kó o lọ," ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń wí. Orí rẹ̀ dàrú. Ó pààrọ̀ ìdérí, ó pààrọ̀ awakọ̀, ó ní àbúrò òun ló ń ba òun jẹ́, ó lé e. Síbẹ̀ kò yé e. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà: "Kí ni mo ṣe fáráyé?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn kọ̀ ọ́, ó yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ìyá ṣí fíríìjì, ó gbé omi fún un. Ni ojú rẹ̀ bá lọ sára ìgò.

"Hàà! Màámi, omi àwọn tó ń bá wa du ọjà lẹ̀ ń mu?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Orí àga yìí náà ni mo ti ń sọ ọ́. O ní o ti mọ̀."

Ó sáré mú ìgò tiwọn nínú mọ́tò, ó gbé e mu. Ọsàn àti ọṣẹ! Ó tu ú dànù, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà, orúkọ bàbá kúrò lẹ́nu géètì, owó ló sì fi ń ra omi mu títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, ẹ gbọ́ o. Ohun tí ẹ ò lè fẹnu ara yín mu, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. Òkò àbámọ̀ kì í pa ẹyẹ.