Lonnie Drobny àti Ìwé Eléèpo Dúdú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó bá kà á dé ìdajì yóò rò pé Lonnie gbọ́n ni.

1.

Ìlú Pittsburgh ni Lonnie Drobny ti ń ta ìwé ìtàn aláwòrán àtijọ́, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fi owó suwíìtì rà láyé àwọn bàbá wa. Àwọn àgbàlagbà ló ń wá a kiri báyìí, ìwé náà sì ti di ohun olówó ńlá. Ibi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé náà ni ọjà rẹ̀ wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ yẹn rọrùn. Wàá san owó tábìlì kí o tó ta ẹyọ kan. Wàá gbé àpótí títí ẹ̀yìn á fi máa ro ọ́. Ẹni tó mu kọfí dání ló máa fẹ́ ṣí ìwé rẹ wò, ẹni tó múra bí akọni inú ìwé á sì dúró gbagidi síwájú tábìlì rẹ, kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán Sunday, gbogbo wọn á máa ṣọ́ ọ kí o já owó ọjà wálẹ̀.

Lonnie ń fara da gbogbo èyí. Ohun tí kò lè fara dà ni ògiri ẹlòmíràn. Ara ògiri ẹ̀yìn tábìlì ni oníkálukú máa ń fi ìwé rẹ̀ tó dára jù kọ́ sí, ibẹ̀ sì ni oníbàárà kọ́kọ́ ń wò. Bí ògiri aládùúgbò bá yọ ju tirẹ̀ lọ, oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ lọ́fun Lonnie. Tábìlì tèmi kò jìnnà sí tirẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

2.

Òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hank Stahl jọ ṣe òwò náà pẹ́. Nígbà tí Hank kú, ìwé kan tí kò gbà láti tà rí ló kù nílẹ̀ fún Verna ìyàwó rẹ̀. Èèpo ìwé náà dúdú kirikiri, obìnrin kan sì gun ẹyẹ idì lórí rẹ̀. Òrùlé Verna ń jò sínú ilé ìdáná, ìgbà òtútù sì ń bọ̀. Ó gbé ìwé náà wá fún Lonnie.

"Hank ní bí nǹkan kan bá ṣe òun, ìwọ ni kí n gbé e fún."

Lonnie ní kó fọkàn balẹ̀, pé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, òrùlé tuntun á ti wà lórí ilé rẹ̀. Ó sì dá mi lójú pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Ìwé náà ti gbó díẹ̀. Níbi ìṣẹ́po rẹ̀, àwọ̀ dúdú ti ṣí, bébà funfun sì ń yọ. Gbogbo wa nídìí òwò yìí la mọ ohun tí à ń ṣe sí irú rẹ̀: a kì í ṣe nǹkan kan sí i. A ó kọ ọ́ sára ọ̀rá tí a fi dì í pé ó gbó níbí, oníbàárà á sì rà á bẹ́ẹ̀. Ìwé tó gbó, owó gidi ni. Èyí tí wọ́n bá ti fọwọ́ tún ní kọ̀rọ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́, bó ti wù kó dùn ún wò tó.

Lonnie mọ èyí dáadáa. Òun gan-an ló máa ń bú àwọn tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé òǹtajà kan ń gbé irú ìwé kan náà bọ̀ láti ìlú Cleveland, tí tiẹ̀ kò ní àléébù. Ìlara wọ̀ ọ́. Ó mú máákà dúdú, ó rọra fi kun gbogbo ibi tó funfun, ó gbé ìwé náà kọ́ sí àárín ògiri, ó sì bu owó gọbọi lé e.

3.

Láàárọ̀ Saturday, ọ̀dọ̀ Lonnie ni gbogbo èèyàn ń yà sí. Verna wá jókòó tì í, ó ń jẹ sánwíìṣì, inú rẹ̀ sì dùn. Oníbàárà kan tó ń jẹ́ Pruett dé, ẹni tó ti ń wá ìwé náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ tún un ṣe.

"Bí Hank ṣe fi í sílẹ̀ náà nìyẹn," ni Lonnie wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè yẹn ni ọ̀nà àbáyọ tí Ọlọ́run ṣí fún un, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Pruett gbàyè, ó yọ ìwé náà nínú ọ̀rá, ó ṣí èèpo rẹ̀, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i. Ínkì ti mu wọ inú bébà lọ. Ó hàn kedere lódìkejì.

"Mo bọ̀wọ̀ fún Hank gan-an," ni Pruett sọ. "Mi ò mọ̀ pé ó máa ń ṣe báyìí."

Verna gbé sánwíìṣì rẹ̀ sílẹ̀. "Hank ò kun ìwé rí. Lonnie, sọ fún un."

Pruett ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kí Lonnie tó la ẹnu. "Èmi ni mo kùn ún."

Pruett mi orí. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ìwé náà á ti gbó, àti pé owó tó yẹ ìwé tó gbó ni òun mú wá láti fi rà á. Ó gbé owó rẹ̀ lọ. Ínkì yẹn kò ṣeé fọ̀ kúrò láéláé.

4.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé tí Lonnie gbé jáde tí wọn kò tan tọ́ọ̀ṣì sí. Ojúlówó ni gbogbo wọn, ó ń búra, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rìn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó ta gbogbo ìwé inú àpótí rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ó kó owó náà lọ sílé Verna, ó ní kó fi tún òrùlé ṣe.

Verna gbà á, nítorí òjò kò mọ ìbínú. Ṣùgbọ́n kò ní kó wọlé.

"Lonnie, ká ní mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé o máa jẹ́ kí ọkùnrin yẹn lọ máa sọ pé Hank ló kùn ún?"

Verna rọra ti ilẹ̀kùn. Ìbáṣọ̀rẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún parí síbẹ̀, ó sì dùn mí.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí ọjà ọwọ́ rẹ bá ní àléébù, sọ ọ́ síta. Má kùn ún, má sì ti òkú tí kò lè sọ̀rọ̀ síwájú irọ́ rẹ. Owó òrùlé ṣeé san, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá Lonnie rí ohun tí yóò fi san ti ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.