Àwọn Ihò Tó Gbé Ọkọ̀ Dúró

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè, Ìyá Fadérera, alábòójútó ọkọ̀ tó ń léfòó lókè odò, dúró ní èbúté, ó ń wo gíláàsì tó ń fi abẹ́ ọkọ̀ hàn án, bó ti máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn ìjì òòfà kéékèèké tó gbé ọkọ̀ dúró ti ń hàn bí èérún, kálukú nínú ihò tirẹ̀ lára awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ ọkọ̀. Lónìí, wọ́n ń rìn.

Ó yíjú sí Bọ̀sún, ọmọ iṣẹ́ tó máa ń fọ ọkọ̀. “Ta ló fọwọ́ kan awọ yìí?”

“Èmi ni, mà. Mo rí ihò wẹẹrẹ lára rẹ̀, mo sì dí wọn kó lè dán fún ìkórè.”

“Yéè! Àwọn ihò yẹn ló ń di ìjì òòfà mú! Bí wọ́n bá ń rìn, awọ á gbóná, ọkọ̀ á já sódò!”

Ìbídùn, ọmọ Ìyá, ló ń wa ọkọ̀ náà, ó sì ti dé àárín odò. Ìyá pè é lórí fóònù.

“Ìbídùn, dín iná ọkọ̀ kù. Máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.”

“Màámi, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ti ń gbóná.”

Bí Ìbídùn ti dín iná kù, àwọn èérún dúró, àfi ẹyọ kan tó ṣì ń rìn lọ sétí awọ. Ìyá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, bí ẹni pé ó lè dá a dúró, ó ń gbàdúrà kí ọmọ rẹ̀ dé èbúté.

Ìwọ tó ń kà á, kí Olúwa dì ọ́ mú.